Iye Fóltéèjì Tí Yàrá Wa ní Kàbà Lè Gbà

Ìbéèrè kan wà tí àwọn ọ̀dọ́ tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe níbí kì í yé bi mí: "Ẹ̀gbọ́n, fóltéèjì mélòó ni kí n gbé e dé?" Wọ́n ti kàwé lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n ti wo fídíò, wọ́n sì mọ orúkọ pùrósẹ́sọ̀ wọn, ìyẹn ọpọlọ kọ̀ǹpútà, dáadáa. Wọ́n fẹ́ kó máa sáré ju bí ilé iṣẹ́ ṣe ṣe é lọ, wọ́n sì gbọ́ pé fóltéèjì, ìyẹn agbára tó ń ti iná sínú rẹ̀, ni wọ́n máa gbé ga. Ohun tó kù lójú wọn ni nọ́ńbà kan ṣoṣo, bíi 1.35 tàbí 1.40, tí wọ́n á tẹ̀ sínú BIOS (ètò tí a fi ń ṣètò ara kọ̀ǹpútà kí Windows tó bẹ̀rẹ̀), kí wọ́n sì lọ sùn. Èmi kì í fún wọn ní nọ́ńbà yẹn. Kì í ṣe pé mo fẹ́ fi ìmọ̀ pamọ́. Ẹni tó kọ nọ́ńbà tí wọ́n ń kà yẹn jókòó sínú yàrá tí kò gbóná ju 21°C lọ, iná kì í lọ lọ́dọ̀ rẹ̀, pùrósẹ́sọ̀ tirẹ̀ àti tiwa sì lè jẹ́ orúkọ kan náà kí ìwà wọn yàtọ̀ síra. Ohun tí mo fẹ́ kọ sílẹ̀ lónìí ni bí ẹni tó wà ní Kàbà, ní Ìyàrá, ní Ìsánlú tàbí ní Ẹ̀gbẹ̀ ṣe lè wá nọ́ńbà tirẹ̀ fúnra rẹ̀, láìba ohun tó fi owó gidi rà jẹ́.

Iṣẹ́ mi ni fídíò: ìgbéyàwó, ìsìnkú àwọn àgbà, ìwúyè, ìdúpẹ́ ọdún ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ní ilẹ̀ Ọ̀kun, Sátidé kì í ṣófo, pàápàá láti oṣù kọkànlá wọ oṣù kìíní, tí àwọn ọmọ wa tó wà ní Èkó àti Àbújá máa ń wálé. Bí a bá ya fídíò tán, a ó gé e, a ó tò ó, lẹ́yìn náà ni kọ̀ǹpútà á wá dojú kọ iṣẹ́ tó gùn jù, ìyẹn kó kó gbogbo rẹ̀ jáde sí fáìlì kan ṣoṣo tí oníbàárà lè wò lórí fóònù. Nígbà yẹn, gbogbo core (ẹ̀yà tó ń ṣe ìṣirò) tó wà nínú pùrósẹ́sọ̀ ló ń ṣiṣẹ́ láìsinmi. Bí iná kò bá sí, epo ló ń jó nínú jẹ́nẹ́rétọ̀ ní gbogbo wákàtí tó bá fi ń ṣe é. Nítorí náà, kí pùrósẹ́sọ̀ sáré sí i kì í ṣe ọ̀rọ̀ fáàrí fún wa, owó epo ni, àdéhùn tí a bá oníbàárà ṣe sì ni. Pùrósẹ́sọ̀ tuntun wọ́n gan-an. Tòkunbọ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń lò, ẹni tó bá sì ní i5-2500K ti ọdún 2011 tàbí i7-4790K ti ọdún 2014 lọ́wọ́ ṣì lè fi jẹun tó bá mọ bó ṣe máa tọ́jú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí ẹ tó bá mi dé iwájú, ẹ wo ohun tó wà nínú kọ̀ǹpútà yín. Púpọ̀ nínú tòkunbọ̀ tó ń dé ọ̀dọ̀ wa jẹ́ kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì, BIOS wọn kò sì ní ibi tí èèyàn ti lè yí fóltéèjì padà. Ẹ má fi agbára wá a. Lọ́dọ̀ Intel, èyí tí lẹ́tà K wà lẹ́yìn orúkọ rẹ̀ ni ẹ ń wá, lórí mọ́dábọ́ọ̀dù (pátákó tí pùrósẹ́sọ̀ jókòó sí) tí orúkọ chipset rẹ̀, ìyẹn ẹ̀yà tó ń darí pátákó náà, bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Z. Ní 2011, P67 náà gbà á. Lọ́dọ̀ AMD, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo Ryzen tó jáde láti 2017 ló ṣí sílẹ̀, àmọ́ mọ́dábọ́ọ̀dù A320 kò fàyè gbà á. Ní ti láàpútọ́ọ̀pù, n kò ní sọ púpọ̀. Ní oṣù kejìlá 2019, àwọn olùwádìí fi hàn pé èèyàn lè fi ìyípadà fóltéèjì jí àṣírí inú pùrósẹ́sọ̀ Intel, wọ́n pe ọgbọ́n náà ní Plundervolt, láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ti ti ilẹ̀kùn yẹn pa.

Kí wá ni fóltéèjì ń ṣe gan-an? Pùrósẹ́sọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ ní 4 GHz, ìyẹn ìgbésẹ̀ bílíọ̀nù mẹ́rin láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ní ìdá kan nínú mẹ́rin nanosecond (ìdá kan nínú bílíọ̀nù ìṣẹ́jú àáyá) péré láti parí ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Láàárín àkókò tó kéré tó bẹ́ẹ̀, àmì iná gbọ́dọ̀ gba inú ọ̀pọ̀ transistor, ìyẹn ilẹ̀kùn kéékèèké tó ń ṣí tó ń tì fún iná, kọjá, kí ó sì dé ibi tó ń lọ kí ìgbésẹ̀ tó kàn tó bẹ̀rẹ̀. Bí àmì náà bá pẹ́ dé, èsì tí kò tọ́ ni pùrósẹ́sọ̀ máa mú, nígbà mìíràn ètò tí ẹ ń lò á ti ara rẹ̀ pa, nígbà mìíràn gbogbo kọ̀ǹpútà á takú. Bí fóltéèjì bá ga sí i, transistor máa ń tètè ṣí, ó sì máa ń tètè tì. Fóltéèjì fúnra rẹ̀ kò mú kọ̀ǹpútà yára rárá. Iye GHz tí ẹ yàn ló ń mú un yára. Fóltéèjì kàn ń rí i pé àmì iná kò pẹ́ lọ́nà ni. Mo rí àwọn tó gbé fóltéèjì ga láìfọwọ́ kan eré, tí wọ́n ń retí pé kọ̀ǹpútà á yá sí i. Ooru nìkan ni wọ́n rà.

Ó ní ìdí tí 0.05 V fi jẹ́ ohun ńlá fún pùrósẹ́sọ̀ òde òní. Ní 1978, 5 V ni Intel 8086 ń lò. Pentium àkọ́kọ́ tó jáde ní 1993 ní 60 àti 66 MHz ṣì ń lo 5 V. Láàárín ìgbà yẹn sí ìsinsìnyí, transistor kéré sí i lọ́pọ̀ ìgbà, fóltéèjì náà sì ń bọ̀ wálẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Robert Dennard àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní IBM ti ṣàlàyé rẹ̀ láti 1974 pé bí a bá dín ìwọ̀n transistor kù tí a sì dín fóltéèjì rẹ̀ kù bákan náà, ooru tó ń jáde lójú ibi kan náà kò ní pọ̀ sí i. Ọ̀nà yẹn ṣiṣẹ́ fún nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún. Nígbà tó fi máa di àárín ọdún 2000 sí 2010, fóltéèjì kò lè wálẹ̀ mọ́, torí iná ti ń jò gba inú transistor tí a ti tì pa. Pentium 4 dúró sí 3.8 GHz ní 2004, kò sì kọjá ibẹ̀. Ohun tó wà láàárín ẹnu ọ̀nà transistor àti ara rẹ̀ lónìí tín-ín-rín débi pé ìwọ̀nba átọ́ọ̀mù la fi ń ka ìnípọn rẹ̀. Ohun tó tín-ín-rín tó bẹ́ẹ̀ mọ ìyàtọ̀ 1.30 V sí 1.40 V.

Ibi tí mo ń lọ gan-an nìyí. Ilé iṣẹ́ tó ṣe pùrósẹ́sọ̀ máa ń kọ iye fóltéèjì tí ẹyọ kọ̀ọ̀kan nílò sínú rẹ̀, VID ni wọ́n ń pè é. Ẹyọ méjì tí wọ́n gé lára silicon kan náà lójọ́ kan náà lè ní VID tó yàtọ̀ síra. Wọ́n tún máa ń fi àlékún díẹ̀ sí i, torí wọn kò mọ ibi tí ẹyọ náà ń lọ. Ó lè bọ́ sínú yàrá gbígbóná. Eruku lè kún heatsink rẹ̀, ìyẹn irin ìtutù tó wà lórí rẹ̀. Mọ́dábọ́ọ̀dù tí wọ́n á fi sí lè jẹ́ èyí tí kò dára, ara pùrósẹ́sọ̀ náà á sì gbó lẹ́yìn ọdún púpọ̀. Àlékún yẹn ni gbogbo ẹni tó ń fi eré kún pùrósẹ́sọ̀ ń jẹ. Ẹni tó wà ní Jámánì nínú oṣù kejìlá lè jẹ ẹ́ tán, kò sí ohun tó máa ṣe é. Ṣùgbọ́n tiwa ńkọ́? Torí irú ibi tí a wà gan-an ni wọ́n ṣe fi àlékún náà síbẹ̀. Kí ọwọ́ wa tó kan BIOS, ooru oṣù kẹta àti eruku ọyẹ́ ti bá wa jẹ níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń sọ fún àwọn ọmọ pé kí wọ́n má ṣe mú nọ́ńbà ẹlòmíràn.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Iná tí pùrósẹ́sọ̀ ń jẹ nígbà iṣẹ́, tó sì ń sọ di ooru, ń tẹ̀ lé fóltéèjì tí a fi sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, tí a tún wá fi eré sọ di púpọ̀. Ẹ mú pùrósẹ́sọ̀ tó ń sáré ní 4.2 GHz pẹ̀lú 1.20 V, tó ń jẹ 90 W. Bí ẹ bá gbé e dé 4.6 GHz láìfi kún fóltéèjì, tí ó bá sì dúró, nǹkan bí 99 W ni yóò máa jẹ. Bí kò bá dúró, tí ẹ wá fún un ní 1.35 V kó tó lè dúró, ó di nǹkan bí 125 W. Eré tí ẹ rí kò tó 10%. Ooru tí ẹ fi kún yàrá yín sún mọ́ 40%. Bẹ́ẹ̀ ni ìṣirò yẹn kò tíì ka iná tó ń jò, èyí tó máa ń pọ̀ sí i bí ara pùrósẹ́sọ̀ ṣe ń gbóná, tí òun náà sì tún ń fi ooru kún ooru.

Heatsink kò lè mú ohunkóhun tutù ju afẹ́fẹ́ tó ń gba ara rẹ̀ kọjá lọ. Bí pùrósẹ́sọ̀ bá ń ka 72°C nínú yàrá 21°C, ìyàtọ̀ àárín wọn jẹ́ 51, ìyàtọ̀ yẹn ló sì máa bá a dé ibikíbi. Ẹ gbé kọ̀ǹpútà kan náà wá sábẹ́ páànù ní Kàbà lọ́sàn-án oṣù kẹta, kí yàrá jẹ́ 36°C: 87°C ni yóò máa kà, láìtíì ka iná tó ń jò mọ́ ọn, láìtíì ka eruku. Ẹ sọ ọ́ dé Lọ́kọ́jà lẹ́bàá odò, ẹ ó rí i pé ó tún burú jù bẹ́ẹ̀. Ohun tí ẹni tó kọ nọ́ńbà rẹ̀ ní Jámánì pè ní ibi tó tura, ibi tí èmi ti máa ń paná ni.

Ìbàjẹ́ tí fóltéèjì ń fà kì í sábà wá lójijì. Kọ́rẹ́ńtì tó ń gba inú wáyà tín-ín-rín pùrósẹ́sọ̀ kọjá máa ń ti átọ́ọ̀mù irin náà kúrò ní ipò wọn díẹ̀díẹ̀. Bí àgbàrá òjò ṣe ń gbẹ́ ojú ọ̀nà amọ̀ pupa wa, tó ń kó yẹ̀pẹ̀ kúrò níbì kan lọ kó o jọ síbòmíràn, títí ọ̀nà á fi já, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni. James Black, tó ń ṣiṣẹ́ ní Motorola, kọ ìṣirò rẹ̀ jáde ní 1969: bí kọ́rẹ́ńtì bá ṣe pọ̀ tó lójú wáyà náà, tí ooru sì ga, ni ọjọ́ ayé rẹ̀ ṣe ń kúrú. Ẹ kíyè sí i pé ohun méjèèjì ló jùmọ̀ ń ṣiṣẹ́. 1.35 V ní 60°C kì í ṣe ohun kan náà pẹ̀lú 1.35 V ní 88°C, bó tilẹ̀ jẹ́ pé nọ́ńbà kan náà ni ẹ tẹ̀ sínú BIOS. Ẹni tó bá ń béèrè iye fóltéèjì tó léwu láìsọ ìgbóná mọ́ ọn, ìdajì ìbéèrè ló bi.

Ohun kan tún wà tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn ju gbogbo rẹ̀ lọ. Pùrósẹ́sọ̀ ní ohun tó ń ṣọ́ ọ lọ́wọ́ ooru. Tí i5-2500K bá dé 98°C, tàbí tí ọ̀pọ̀ Intel tó tẹ̀ lé e bá dé 100°C, wọ́n á dín eré ara wọn kù. Bó bá burú jù bẹ́ẹ̀, kọ̀ǹpútà á pa ara rẹ̀. Kò sí irú ààbò bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ fóltéèjì tí ẹ fi ọwọ́ ara yín tẹ̀. Bí ẹ bá tẹ 1.60 V, yóò gbà á, ẹ̀rọ lè tàn, kí ìgbóná rẹ̀ má sì dẹ́rù bani nígbà tí kò ṣiṣẹ́. Àwọn kan máa ń fi ìwé Intel hàn mí, pé ibẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí pé VID i5-2500K lè dé 1.52 V. Ibi tí òǹkà VID parí sí nìyẹn. Kò sí ẹni tó ṣèlérí pé pùrósẹ́sọ̀ yóò lo ọdún mẹ́wàá níbẹ̀.

Àwọn tó ṣe pùrósẹ́sọ̀ gan-an ti rí ìjà fóltéèjì láìpẹ́ yìí. Ní 2023, àwọn Ryzen 7000 kan, pàápàá irú X3D, jóná lórí mọ́dábọ́ọ̀dù àwọn tó rà wọ́n, AMD sì mú kí BIOS tuntun jáde tí kò jẹ́ kí fóltéèjì SoC (apá pùrósẹ́sọ̀ tó ń darí memory) kọjá 1.30 V. Ní 2024, ó kan Intel: Core ìran kẹtàlá àti ìkẹrìnlá ń takú láìnídìí lọ́wọ́ àwọn èèyàn. Ní oṣù keje ọdún náà, Intel sọ pé fóltéèjì tó ga ju bó ṣe yẹ lọ ni pùrósẹ́sọ̀ ń béèrè. Ní oṣù kẹjọ, wọ́n gbé microcode 0x129 (àtúnṣe ìlànà inú pùrósẹ́sọ̀) jáde láti dá a dúró kó má béèrè ju 1.55 V lọ, wọ́n sì fi ọdún méjì kún wáráńtì. Ohun tí mo mú nínú rẹ̀ ni pé n kì í fi fóltéèjì sílẹ̀ sí Auto, kí mọ́dábọ́ọ̀dù máa yàn án fúnra rẹ̀, mọ́ tí mo bá ti fi kún eré. Mọ́dábọ́ọ̀dù tó wà lórí Auto fẹ́ kí ẹ̀rọ tàn, ìyẹn nìkan ni iṣẹ́ rẹ̀, ó sì máa ń da fóltéèjì lé e ju bó ṣe nílò lọ. Ẹ sì rí i pé BIOS yín jẹ́ tuntun kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ohunkóhun.

Bí mo ṣe ń ṣe é nìyí. Mo kọ́kọ́ máa ń yọ hard disk tí iṣẹ́ oníbàárà wà lórí rẹ̀ kúrò pátápátá. Kọ̀ǹpútà tó takú láàárín ìkọ̀wé sórí disk lè ba fáìlì jẹ́, ìyàwó tuntun kò sì ní tún ìgbéyàwó ṣe nítorí pé mò ń dán eré wò. Lẹ́yìn náà, màá fọ heatsink, màá yí paste (ìpara tó wà láàárín heatsink àti pùrósẹ́sọ̀) padà, torí paste tòkunbọ̀ sábà máa ń ti gbẹ. Màá jẹ́ kó ṣiṣẹ́ bí ilé iṣẹ́ ṣe ṣe é, kí n sì fi ètò HWiNFO ka fóltéèjì tó ń lò àti ìgbóná rẹ̀ nígbà tí iṣẹ́ wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Màá kọ ọ́ sínú ìwé. Ẹni tí kò bá mọ ibi tó ti kúrò kò lè mọ bó ṣe rìn jìnnà tó.

Ìgbà náà ni màá tó fi 100 MHz kún eré, láìfọwọ́ kan fóltéèjì. Bó bá dúró, màá tún fi 100 MHz kún un. Ó máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu bí pùrósẹ́sọ̀ kan ṣe lè rìn jìnnà tó láìbéèrè ohunkóhun, ibẹ̀ sì ni èrè gidi wà, torí eré tí a rí láìfi fóltéèjì kún un fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀fẹ́. Lọ́jọ́ tó bá kọ̀, tí Windows bá fi ojú búlúù hàn pẹ̀lú kóòdù 0x101 tàbí 0x124, tàbí tí Event Viewer, àkọsílẹ̀ Windows, bá ń kọ WHEA, ìyẹn àṣìṣe ara ẹ̀rọ, sílẹ̀ lẹ́yìn wa, ìgbà yẹn ni màá fi 0.01 V tàbí 0.02 V kún un, kò ní ju bẹ́ẹ̀ lọ, màá sì tún dán an wò. WHEA yẹn ṣe pàtàkì. Kọ̀ǹpútà lè máa ṣiṣẹ́ lọ geere lójú yín, kó sì jẹ́ pé àṣìṣe ló ń tún ṣe lábẹ́lẹ̀. Fún ẹni tó ń kó fídíò ẹlòmíràn jáde, àṣìṣe tí kò pariwo léwu ju kọ̀ǹpútà tó kú lọ. Bí ẹ̀rọ bá kọ̀ láti tàn, ẹ má bẹ̀rù, ẹ yọ wáyà iná kúrò, ẹ yọ bátìrì róbótó CR2032 lórí mọ́dábọ́ọ̀dù fún ìṣẹ́jú díẹ̀, BIOS á padà sí bó ṣe wà.

Fóltéèjì tí ẹ tẹ̀ sínú BIOS àti èyí tó ń dé inú pùrósẹ́sọ̀ kì í ṣe ọ̀kan náà. Bí ọ̀nà tí iná ń gbà bá ní ìdènà 1 mΩ péré, tí kọ́rẹ́ńtì 80 A bá gba ibẹ̀ kọjá, 0.08 V ti lọ sójú ọ̀nà. Ẹ tẹ 1.35 V, ẹ ó ka 1.27 V nígbà iṣẹ́. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi í síbẹ̀ ni. Nígbà tí iṣẹ́ bá dáwọ́ dúró lójijì, fóltéèjì máa ń ta sókè kó tó rọ̀, tó bá sì jẹ́ pé ìsàlẹ̀ ló wà tẹ́lẹ̀, ìta sókè yẹn kò ní lè ṣe é léṣe. Load-line calibration, tí BIOS ń kọ ní LLC, ló ń dí àlàfo yìí. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ máa ń gbé LLC lọ sí òkè pátápátá torí wọ́n fẹ́ kí nọ́ńbà dúró bó ṣe wà. Ohun tí wọn kò rí ni ìta sókè yẹn, torí HWiNFO kò lè kà á. Oscilloscope, ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán bí fóltéèjì ṣe ń yí padà, nìkan ló lè rí ohun tó kúrú tó bẹ́ẹ̀. Àárín ni èmi máa ń fi LLC sí, màá sì gbà kí fóltéèjì wálẹ̀ díẹ̀ nígbà iṣẹ́.

Bí mọ́dábọ́ọ̀dù bá ní offset tàbí adaptive, ọ̀nà méjì láti tẹ fóltéèjì láìdè é mọ́ nọ́ńbà kan, ìyẹn ni mo fẹ́ràn, torí fóltéèjì á máa lọ sílẹ̀ nígbà tí kò sí iṣẹ́. Fún wa tó ń lo ínfátà ní ọ̀pọ̀ ìrọ̀lẹ́, bátìrì wa mọ ìyàtọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra pẹ̀lú Haswell, ìran pùrósẹ́sọ̀ Intel tó bẹ̀rẹ̀ ní 2013. Fóltéèjì inú rẹ̀ ni òun fúnra rẹ̀ ń ṣètò, bó bá sì wà lórí adaptive, ó máa ń fi kún ohun tí ẹ tẹ̀ nígbà tí Prime95, ètò ìdánwò, bá gbé ìṣirò AVX, irú ìṣirò tó wúwo, lé e lórí. Àwọn tó ní Ryzen tuntun, ẹ fi fóltéèjì àfọwọ́tẹ̀ sílẹ̀. PBO àti Curve Optimizer, ètò AMD tó ń yan eré àti fóltéèjì fúnra rẹ̀, máa ń ṣe iṣẹ́ yẹn dáadáa ju ọwọ́ wa lọ. Fún Ryzen àkọ́kọ́ ti 2017, AMD fúnra wọn ní 1.35 V dára fún lílò ojoojúmọ́, pé 1.45 V lè gé ọjọ́ ayé rẹ̀ kúrú.

Òpin tí èmi ń lò níbí ni pé, lọ́sàn-án ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí iṣẹ́ fídíò gidi ń lọ, ìgbóná kò gbọdọ̀ kọjá 80°C. Bí ó bá kọjá rẹ̀, mo ti gba fóltéèjì jù, ohun yòówù kí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́. Lẹ́yìn èyí ni mo tó ń wo nọ́ńbà: n kì í fún 2500K ní ju 1.35 V lọ, n kì í sì fún Haswell ní ju 1.25 V lọ. Àwọn tó wà ní ilẹ̀ òtútù á sọ pé mo ń bẹ̀rù jù. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wá lo oṣù kẹta lọ́dọ̀ wa.

Ìgbà tí ẹ bá ṣe ìdánwò yín ṣe pàtàkì bíi ìdánwò náà. Ọmọkùnrin kan láti Ìyàrá gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ wá bá mi ní ẹ̀ẹ̀rùn. "Ọ̀kun o, ẹ̀gbọ́n," ló wí, "ó ṣiṣẹ́ dáadáa nígbà tí mo ṣe é." Òótọ́ ló sọ. Oṣù kẹjọ ló ṣe é, lóru, tí òjò ń rọ̀, tí yàrá rẹ̀ tutù. 4.6 GHz pẹ̀lú 1.38 V ló fi sí, kò sì yí i padà láti ìgbà náà. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn dé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í takú ní agogo méjì ọ̀sán, á sì tún ṣiṣẹ́ lálẹ́, ó wá rò pé iná ló ń dà á láàmú. A jùmọ̀ sọ ọ́ kalẹ̀ sí 4.4 GHz pẹ̀lú 1.30 V. Iṣẹ́ tó ń gba wákàtí kan tẹ́lẹ̀ wá ń gbà á ní nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́tàlélọ́gọ́ta. Iná tí pùrósẹ́sọ̀ ń jẹ fi nǹkan bí 15% wálẹ̀. Mo ní kó ṣe ìdánwò ìkẹyìn lọ́sàn-án gangan, kó ti fèrèsé, kó jẹ́ kí ooru yàrá burú tó bó ṣe lè burú, kó fi Cinebench, ètò tó ń dán pùrósẹ́sọ̀ wò, gùn ún fún wákàtí kan, kó wá kó fídíò gidi jáde. Ohun tó bá gba ìyẹn kọjá kò ní dójú tì í níwájú oníbàárà.

Iná tó ń wọlé náà ní tirẹ̀. Fóltéèjì ara ògiri, tó yẹ kó jẹ́ 230 V, kò kan pùrósẹ́sọ̀ ní tààrà. Power supply ló ń sọ ọ́ di 12 V, mọ́dábọ́ọ̀dù ló sì ń sọ ìyẹn di 1.3 V. Ṣùgbọ́n power supply tí kò dára kò lè di 12 V yẹn mú nígbà tí pùrósẹ́sọ̀ bá fà á lójijì. Ìlànà ATX, tí power supply kọ̀ǹpútà ń tẹ̀ lé, gbà kó wà láàárín 11.4 V sí 12.6 V. Bí ẹ bá fi mítà wọ̀n ọ́ nígbà iṣẹ́ tí ẹ sì rí i pé ó ń súnmọ́ 11.4 V, ẹ yí power supply padà kí ẹ tó fi ohunkóhun kún pùrósẹ́sọ̀. Ẹ wo àwọn MOSFET, ẹ̀yà tó ń sọ 12 V di fóltéèjì pùrósẹ́sọ̀, tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí pùrósẹ́sọ̀ jókòó. Bí kò bá sí irin ìtutù lórí wọn, ẹ fi mọ́dábọ́ọ̀dù yẹn sílẹ̀ bó ṣe wà. Àti eruku: bí ọyẹ́ bá ti jà tán, ẹ ṣí àpótí náà, ẹ fẹ́ ẹ mọ́. Eruku tó ń wọ ilé wa láti ojú títì tó lọ sí Ọbàjànà kì í ṣe kékeré.

Ohun tí mo tún ń gbà ọ̀pọ̀ nímọ̀ràn láti ṣe lẹ́nu àìpẹ́ yìí ni kí wọ́n fi eré sílẹ̀ bó ṣe wà, kí wọ́n sì dín fóltéèjì kù. Bí ẹyọ tó bọ́ sọ́wọ́ yín bá dára, ó lè ṣe iṣẹ́ kan náà pẹ̀lú 0.05 V tó dín. Láti 1.20 V sí 1.15 V, ooru nǹkan bí 8% ti kúrò nílẹ̀, kò sì sí ewu kankan fún silicon náà. Ohun tó lè ṣẹlẹ̀ ni pé ó takú tàbí kó máa ṣe àṣìṣe bíi ti WHEA, ẹ ó sì dá a padà. Ó wù mí kí gbogbo ẹni tó fẹ́ gbé fóltéèjì ga kọ́kọ́ gbé e wálẹ̀ báyìí, torí yóò kọ́ bí pùrósẹ́sọ̀ tirẹ̀ ṣe rí láìfi pùrósẹ́sọ̀ náà wewu.

Ẹ máa padà wo ìwé tí ẹ kọ nọ́ńbà yín sí lọ́dọọdún. Bí pùrósẹ́sọ̀ tó ń fi 1.28 V ṣe 4.4 GHz lọ́dún tó kọjá bá wá ń takú lónìí níbẹ̀, nínú yàrá kan náà, pẹ̀lú paste tuntun àti power supply tó dúró, ara rẹ̀ ló ti ń gbó yẹn. Ẹ má fi 0.02 V tọ́jú rẹ̀. Ẹ sọ eré rẹ̀ kalẹ̀ sí 4.3 GHz, ẹ dín fóltéèjì rẹ̀ kù dé ibi tó bá ti lè dúró, ẹ kọ ọjọ́ náà sílẹ̀, kí ẹ sì máa bá iṣẹ́ yín lọ.